Fèrè Idẹ Tó Ń Mì: Okùn, Ìda àti Iná

Ìtàn tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn fèrè idẹ ni, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní trompette, àti ti àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń yẹ̀ tàbí tó máa ń mì lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ni, a ní ẹgbẹ́ afunfèrè, fanfare. Fèrè mẹ́rin péré la ní, àlòkù láti Yúróòpù ni gbogbo wọn, owó tí àwọn òbí dá jọ la sì fi rà wọ́n. Lọ́dún kan, nígbà tí a ń múra sílẹ̀ fún ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, ìdè kékeré kan tó so ọ̀pá méjì pọ̀ lára ọ̀kan nínú wọn já kúrò lójú rẹ̀. Ìdè náà kò ju ìka ọmọdé lọ. Fèrè ṣì ń dún, ó kàn ń mì lọ́wọ́ ọmọ tó ń fun ún ni, ó sì ń ṣe wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ bí ó bá fun ohùn ìsàlẹ̀. Àwa tí a pe ara wa ní olùkọ́, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jó irin. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, géètì ló ń ṣe. Iná tó fi ń jó géètì náà ló tàn sí fèrè wa. Kí a tó ṣẹ́jú, ìdè méjì mìíràn ti yọ́ kúrò, ọ̀pá tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ti lu. A kò lè bá ọkùnrin náà wí, nítorí àwa la gbé e fún un. Ọmọ tó ti ń fun fèrè yẹn fún ọdún mẹ́ta, ìlù ńlá la gbé kọ́ ọ lọ́rùn lọ́jọ́ àjọ̀dún. Kò bá wa jà. Ó lu ìlù náà, ó sì ń wo iwájú.

Ká ní a mọ ìtàn bí wọ́n ṣe ń so fèrè pọ̀ ni, a kì bá tí gbé e lọ síbẹ̀. Òun la lọ wá kà.

Fèrè irin ti pẹ́ láyé. Nínú ibojì ọba Tutankhamun ní Íjíbítì, èyí tí Howard Carter ṣàwárí ní ọdún 1922, fèrè méjì wà lára ẹrù ọba náà, ọ̀kan jẹ́ fàdákà, èkejì jẹ́ bàbà. Ọjọ́ orí wọn ti lé ní 3,000 ọdún. Ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni igi tí wọ́n gbẹ́ ní ìwọ̀n inú fèrè kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ nínú kí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà má baà tẹ̀ nígbà tí wọn kò bá fun ún. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ ò ní ṣàì mọ kàkàkí. Ará Ṣábẹ̀ tó bá ti lọ wo ọdún Gaani ní Nikki, nílẹ̀ Bàrìbá, ti gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ọba. Àwọn Hausa ní i, ààfin Ọ̀yọ́ náà ní i. Ó lè gùn tó mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, kò sì ní bọ́tìnnì kankan. Ètè àti èémí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n fèrè tí àwọn ọmọ wa ń fun, ìlú Nuremberg ní Jámánì ló yẹ ká ti bá ìtàn rẹ̀. Láàrin ọdún 1500 sí ọdún 1800, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àwọn fèrè tó lókìkí gan-an ní Yúróòpù. Iṣẹ́ ìdílé ni, bí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ àti iṣẹ́ àyàn ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n mọ ìdílé Schnitzer, wọ́n mọ ìdílé Hainlein, ìdílé Haas àti ìdílé Ehe, ọmọ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ baba. Wọ́n á mú idẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á ká a di ọ̀pá, wọ́n á fi iná so etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ọ̀pá gígùn méjì, ọ̀pá títẹ̀ méjì, àti ẹnu gbàgàdà tó wà níwájú, èyí tí ohùn ń gbà jáde. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwọn ará Nuremberg kì í fi òjé lẹ oríkèé àwọn ọ̀pá náà pọ̀. Wọ́n á ti ọ̀kan bọ inú èkejì kó fún, wọ́n á sì fi ìda oyin dí ojú rẹ̀ kí èémí má baà jò. Láàrin ọ̀pá tó ń bọ̀ láti ẹnu àti gbàgàdà, wọ́n á ki ègé igi kékeré kan bọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi okùn irun àgùntàn wé gbogbo rẹ̀ mọ́ra, yípo yípo, títí tí kò fi ní mì mọ́. Ó tán.

A kà á, a tún un kà. Fèrè tí wọ́n ń fun níwájú àwọn ọba Yúróòpù, okùn àti ìda ló dè é! Bí ó bá mì, ẹni tó ni ín á tú okùn náà, á tún un wé. Bí ó bá ń jò, á fi ìda tuntun sí i. Bí ọ̀pá kan bá tẹ̀, á fa ọ̀kan ṣoṣo náà yọ, á gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ìyókù á sì wà nílé. Ẹnì kan lè sọ pé bóyá ojú wọn kò tíì là ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè fi iná so etí idẹ méjì pọ̀ kò ní ṣàì mọ bí a ṣe ń lẹ oríkèé. Ohun tó ṣeé tú ṣeé tún ṣe, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá yí i padà? Ohùn ni. Fèrè ìgbà náà kò lè kọ gbogbo ohùn orin, àfi àwọn tí ètè bá lè rí fà yọ nínú ọ̀pá kan ṣoṣo. Ní Vienna, Anton Weidinger fún un ní ihò àti ìdérí ihò, Haydn sì kọ orin kan fún un ní ọdún 1796, èyí tí Weidinger fun níwájú àwọn ènìyàn ní ọdún 1800. Ohùn náà kò mọ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́, kò sì pẹ́ tí irú fèrè bẹ́ẹ̀ fi di ohun àtijọ́. Àwọn Jámánì méjì, Heinrich Stölzel àti Friedrich Blühmel, ló mú pístọ̀n dé, tí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1818. Lẹ́yìn náà, láàrin ọdún 1830 sí 1840, François Périnet ní Paris tún pístọ̀n náà ṣe di irú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa títí di òní olónìí. Bí a bá tẹ pístọ̀n, èémí á gba ọ̀pá mìíràn kọjá, ọ̀nà rẹ̀ á gùn sí i, ohùn á sì wálẹ̀. Èkejì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mú ohùn wálẹ̀ díẹ̀ jù lọ, àkọ́kọ́ ń mú un wálẹ̀ ní ìlọ́po méjì èyí, ẹ̀kẹta ní ìlọ́po mẹ́ta.

Pístọ̀n yìí ló lé okùn àti igi lọ. Ó bá inú ilé rẹ̀ mu débi pé irun orí kò lè gba àárín wọn kọjá. Bí ara fèrè bá yí díẹ̀, pístọ̀n á há. Nítorí náà ni wọ́n fi gbogbo ara fèrè lẹ̀ mọ́ra gírígírí pẹ̀lú àwọn ìdè idẹ kéékèèké. Òjé rírọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò, ni wọ́n sì fi lẹ̀ wọ́n. Òjé yìí ń yọ́ ní nǹkan bí 190°C. Idẹ fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní nǹkan bí 900°C. Iná gáàsì àwọn tó ń jó irin sì lé ní 3,000°C. Ẹ wá fi ojú inú wo ohun tí a ṣe sí fèrè ọmọ yẹn.

Ọ̀nà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòro láti tọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1845, wọ́n ṣe ìdíje fún àwọn olórin ológun ní Champ de Mars ní Paris. Ẹgbẹ́ Adolphe Sax, ará Belgium, ló borí pẹ̀lú àwọn fèrè olópístọ̀n rẹ̀, iṣẹ́ ọba Faransé sì gba irú wọn wọlé. Ìran àwọn fèrè wọ̀nyí ló bá ológun àti àwọn ẹlẹ́sìn dé etíkun wa. Lónìí, ẹ wo ìsìnkú àgbàlagbà ní Àjàṣẹ́, ẹ wo ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́, fanfare wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Kútọnu tó dá ẹgbẹ́ Gangbé Brass Band sílẹ̀ ní ọdún 1994 ti gbé e dé òkè òkun padà, wọ́n sì fi èdè Fọn sọ ẹgbẹ́ náà ní ohùn irin. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì títún fèrè ṣe, a wá a ní agbègbè tiwa, a kò rí. Fèrè dé, àgbẹ̀dẹ rẹ̀ kò bá a dé.

Ẹni tó là wá lójú ni bàbá kan tó ti fun fèrè nínú iṣẹ́ ológun kó tó fẹ̀yìntì. A gbé òkú fèrè náà lọ bá a. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbé fèrè lọ bá ẹni tó ń ṣe géètì! Ṣé òun náà lẹ máa ń gbé aago ọwọ́ yín lọ bá?"

"Ẹ má bínú, Bàbá," la wí. Kí la tún fẹ́ wí?

Ó ní ká lọ gbé àwọn mẹ́ta tó kù wá. Ìdájí ọjọ́ ọ̀hún ló fi kọ́ wa, ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ sọ ni pé lára fèrè, àwọn nǹkan kan wà fún ìka, àwọn kan wà fún okùn àti ìda, àwọn tó kù ló wà fún iná. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ ló ń ba fèrè jẹ́.

Ti ìka ni bọ́tìnnì orí pístọ̀n àti àwọn ìdérí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yíyí ni wọ́n ń yí wọn wọlé. Bí wọ́n bá ń ṣe wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, ẹ tú wọn, ẹ fi àkísà nu ojú wọn, ẹ tún yí wọn padà pẹ̀lú ìka méjì. Ẹ má fi ẹ̀mú kàn wọ́n láé. Bí ìdérí bá ṣì ń mì lẹ́yìn èyí, téépù funfun tín-ín-rín tí àwọn pùlọ́ńbà fi ń wé ẹnu páìpù, ìyípo kan péré, á mú un dúró. Bí bọ́tìnnì bá ń ró kò kò kò lórí irin, ìtìmùtìmù rírọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti jẹ. Ẹ gé òmíràn rógódó lára fìlà wúlù àtijọ́. Ẹ sì kíyè sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára pístọ̀n: 1, 2, 3. Àwọn ọmọ wa fọ fèrè lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé èkejì sílé ẹ̀kẹta, wọ́n wá sáré wá bá wa pé fèrè ti kú, èémí kò kọjá mọ́. Kò kú. Ilé ló ṣì.

Omi tó ń jáde lára fèrè, tí gbogbo ayé ń pè ní itọ́, èémí tó di omi lára irin tútù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ihò tó ń gbà jáde ní ìdérí kékeré kan, èdídí pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, irin kíkákò tí a ń pè ní rẹ̀sọ́ọ̀ sì ń fà á dé. Bí rẹ̀sọ́ọ̀ náà bá ṣẹ́ ní àárín ìsìnkú, rọ́bà tí àwọn oníṣòwò fi ń di owó la ó fi dè é, fèrè á sì fun títí wọn á fi sin òkú tán. Èdídí tó bá jábọ́, ẹ fi abẹ tó mú gé òmíràn lára èdídí ìgò wáìnì, kó fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, kó má nípọn jù. Ẹ fi ìda pa ojú rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ fa ọ̀pá náà yọ, ẹ fi ọwọ́ dí ẹnu rẹ̀ kan, ẹ fi ẹnu fa atẹ́gùn láti ẹnu kejì. Bí ó bá mọ́ yín létè, ó dí nìyẹn.

Àwọn ọ̀pá àfàyọ, àwọn tí a fi ń tún ohùn ṣe, máa ń tú tí wọ́n bá gbó, èyí tó jẹ́ ti pístọ̀n kẹta sì lè jábọ́ sílẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń yan. Ọ̀rá tó ki ló ń gbà á là. Bàbá yọ́ ìda oyin díẹ̀ sínú fasilíìnì lórí iná kékeré, ó jẹ́ kó tutù, ó fi pa á. Ó tún so òwú kan mọ́ òrùka ọ̀pá náà, ó so ìkángun rẹ̀ mọ́ ara ilé pístọ̀n, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ lè fà á síwá-sẹ́yìn. Ọ̀pá náà kò tún bọ́ sílẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìgbà tí ó kan ìdè tó já ni ẹnu yà wá. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó kù náà ti ń mì ní ibì kan náà tí ti àkọ́kọ́ ti já. Bàbá gé igi pẹlẹbẹ kékeré kan, ó fi àkísà wé e, ó kì í sáàárín ọ̀pá méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú líle wé e, yípo yípo, ó ń fa á le, ó sì fi ìda pa okùn náà lẹ́yìn. A wo ojú ara wa. Bàbá yìí kò gbọ́ orúkọ Nuremberg rí. Lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú ológun ló ti kọ́ ọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà tí fèrè bá ṣẹ́ lójú ọ̀nà. A sọ ìtàn náà fún un. Ó mi orí, ó ní, "Wọ́n gbọ́n."

Ó wá béèrè ohun tí a kò rò láti béèrè: kí ló já ìdè náà gan-an? A pe àwọn ọmọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ilẹ̀ títí, wọ́n sọ òtítọ́: ẹnu fèrè ló há, wọ́n fi ẹ̀mú dì í mú, ẹnì kan di ara fèrè mú, wọ́n sì yí i. Ọ̀pá iwájú náà yí pẹ̀lú rẹ̀, ó sì fa ìdè kúrò lára òjé. Ọ̀pọ̀ ìdè tó ń já, bí wọ́n ṣe ń já nìyẹn. Ẹnu fèrè tó bá há, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ dà sí ibi tó ti wọlé, ẹ kán òróró sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán gbìyànjú. Bí kò bá gbọ́, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi dé. Fèrè tí ẹnu rẹ̀ há ṣì ń dún.

Gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń tà ní ojú ọ̀nà ńkọ́? Bàbá ní ẹni tó bá fi í lẹ ìdè ti fi àrùn kún àrùn. Ó lè ṣàn wọ inú ilé pístọ̀n, òjé kò sì ní dì mọ́ ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti dì mọ́ àyàfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fá a kúrò. Èéfín rẹ̀ lórí iná sì ń ta ojú àti imú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó tẹ̀ ló bàjẹ́, ṣá o. Ní New York ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953, ẹnì kan ṣubú lu fèrè Dizzy Gillespie níbi ayẹyẹ, gbàgàdà rẹ̀ sì tẹ̀ kọjú sókè. Ó fun un, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ní kí wọ́n máa ṣe irú rẹ̀ fún òun títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn jókòó lé fèrè àwọn ọmọ yín.

Ti iná ló kù. Ìdè tó já pátápátá, okùn kò lè gbé e títí láé, nítorí ti pístọ̀n tí a ti sọ. Ìmọ̀ràn Bàbá ni pé kí a má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jó géètì, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tó ń ṣe òrùka àti yẹtí. Iná tirẹ̀ kéré, ó mọ bí a ṣe ń fi í pa ojú irin lára láìjẹ́ kó jó o, ó sì mọ bí a ṣe ń fi àkísà tútù bo ẹ̀gbẹ́ tí kò fẹ́ kí ooru dé. Àwọn pístọ̀n, ọ̀pá àfàyọ àti ohunkóhun tó bá lè jóná, ilé ni kí wọ́n wà. Òjé rírọ̀ ni kí a rà fún un, nítorí òjé tó fi ń lẹ wúrà ń béèrè iná tó gbóná ju èyí lọ fíìfíì.

A ti rí ọ̀kan. Ó lẹ ìdè fèrè tí Bàbá fi okùn dè, iṣẹ́ náà mọ́, kò mì mọ́. A wá gbé èyí tó lu jáde fún un. Ó fi ìka tọ ihò náà lójú, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun kò ṣe irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí a bá lè wá ègé idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jẹ́ irú ara fèrè náà, òun á gbìyànjú láti fi lẹ ojú ihò. Ègé idẹ náà la ń wá báyìí. Ẹni tó bá ní fèrè àtijọ́ tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, tí ó wà ní àjà tàbí ní ẹ̀yìnkùlé, kó jọ̀ọ́ má tà á fún àwọn tó ń ra irin jíjẹrà, kó jẹ́ ká gbọ́. Ọmọ tó ń lu ìlù yẹn ṣì ku ọdún kan lọ́dọ̀ wa kó tó ṣe ìdánwò rẹ̀.